Ẹ Bi Ọ̀gá Ẹ̀rọ: Dírìlì ẹlẹ́yìn ràkúnmí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù bàbá wa

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n mẹ́rin nínú wọn ló ń sọ̀rọ̀ nípa dírìlì, ìyẹn ẹ̀rọ tí a fi ń lu ihò sí irin tàbí òkúta, ni mo bá kó wọn pọ̀ sójú kan. Ẹ má bínú tí mo bá pẹ́ lórí èyí àkọ́kọ́ o, irú ẹ̀rọ tí àbúrò wa yìí ní nílẹ̀ yẹn ni wọ́n fi kọ́ mi níṣẹ́.

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá wa kú lọ́dún tó kọjá, wọ́n fi ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà wọn sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọjà Panteka níbí ní Kàdúná. Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti rà nínú ìpàǹtí irin kí wọ́n tó bí mi, ó ga jù mí lọ, ẹ̀yìn ẹ̀ tẹ̀ bíi ti ràkúnmí, púlì onípele mẹ́rin wà lókè, òmíràn wà nísàlẹ̀, gíà ńláńlá tí kò ní ìbòrí wà lára ẹ̀, kò sì sí mọ́tò oníná kankan níbẹ̀. Àwọn bàbán bólà, ìyẹn àwọn tó ń ra irin pàǹtí, ti ń wá wò ó, wọ́n ní kílò kílò làwọn máa rà á. Ọ̀rẹ́ bàbá wa kan ní ẹ̀rọ ayé Queen Victoria ni. Ṣé lóòótọ́ ni? Báwo ló sì ṣe ń ṣiṣẹ́ tí kò ní mọ́tò? Ọmọ Wẹ́dà, Tudun Wada, Kàdúná.*

Àbúrò mi, ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá, Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ ire. Kí n tó sọ nǹkan kan, jọ̀ọ́ lọ sọ fún àwọn bàbán bólà yẹn pé o ò tà. Irú irin dídà tó wà lára ẹ̀rọ yẹn, tí wọ́n bá ti fi hámà fọ́ ọ wẹ́wẹ́ sínú ọkọ̀ wọn, ó tán nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa tún un dà bẹ́ẹ̀ fún ẹ mọ́.

Ọ̀rẹ́ bàbá yẹn ò purọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ wọn fẹ́ àlàyé díẹ̀. Queen Victoria jọba láti 1837 títí di 1901, ìdajì tó kẹ́yìn nínú àkókò yẹn sì ni irú dírìlì tí ẹ̀yìn ẹ̀ tẹ̀ báyìí pọ̀ káàkiri ilé iṣẹ́ ní Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà, àwọn òyìnbó gan-an ẹ̀yìn ràkúnmí ni wọ́n ń pè é bí ìwọ náà ṣe pè é yẹn. Ṣùgbọ́n wọn ò dáwọ́ dúró ní 1901, wọ́n ṣì ń rọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ẹ̀, torí náà ìrísí ẹ̀ nìkan ò lè sọ ọdún fún ẹ. Ohun tí wàá ṣe ni pé kí o mú kẹrosíìnì àti bọ́rọ́ọ̀ṣì onírin, fọ ara òpó ẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ orí ẹ̀ dáadáa, àwọn tó rọ ọ́ sábà máa ń da orúkọ ara wọn àti ìlú wọn mọ́ irin náà ni, lẹ́tà yẹn á yọ sókè lábẹ́ ọ̀dà àti gírísì. Tí o bá rí orúkọ, yà á ní fọ́tò kí o fi ránṣẹ́ sí mi.

Tí o ò bá rí orúkọ, wo bóòtù. Wá bóòtù kan tó jẹ́ ìdajì ínṣì lára ẹ̀, tí o bá ti rí i pé bóòtù àtilẹ̀wá ni, gbé rúlà lé e kí o ka eyín tó wà láàárín ínṣì kan. Tó bá jẹ́ 12, ti Ìlú Ọba ni. Tó bá jẹ́ 13, ti Amẹ́ríkà ni. Ìdí ni pé Joseph Whitworth tó ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Manchester, òun ló gbé ìlànà kan kalẹ̀ ní 1841 pé kí eyín bóòtù gbogbo ilé iṣẹ́ bára mu, kó tó dìgbà yẹn ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ń gé tiẹ̀ bó ṣe wù ú, nọ́ọ̀tì ilé iṣẹ́ kan ò ní wọ bóòtù ilé iṣẹ́ kejì láé. William Sellers ní Philadelphia wá gbé tiwọn kalẹ̀ ní 1864. Whitworth fi igun eyín tiẹ̀ sí digírì 55, Sellers fi tiẹ̀ sí 60. Ìdí nìyẹn tí bóòtù tí wọ́n ń tà ní Panteka lónìí fi lè má wọ inú ihò ẹ̀rọ yẹn, má fi sìpánà fipá mú un wọlé o, wàá jẹ eyín ẹ̀ run.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ mọ́tò. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ń rọ irú ẹ̀rọ yẹn, kò sí iná mànàmáná tó ń wọ ilé iṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì ńlá kan ṣoṣo ló máa wà ní ìkángun ilé iṣẹ́, ooru omi híhó ló ń tì í, ibòmíràn wà tó jẹ́ omi odò ló ń yí wíìlì wọn. Ẹ́ńjìnnì yẹn á máa yí ṣáàfù irin gígùn kan tí wọ́n fi kọ́ sábẹ́ òrùlé láti ìkángun ilé iṣẹ́ dé ìkángun kejì, gbogbo ẹ̀rọ tó wà nísàlẹ̀, lééèdì o, dírìlì o, èyí tó ń fá irin o, bẹ́líìtì awọ màlúù ló so ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mọ́ ṣáàfù òkè yẹn. Àfi bí ìgbà tí gbogbo ilé ń lo jẹnẹrétọ̀ kan. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbéra láàárọ̀ ṣáàfù yẹn ò ní dúró títí wọ́n á fi ṣíwọ́, ẹni tó ń lo dírìlì ò lè sọ pé kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì torí òun fẹ́ pààrọ̀ bíìtì, ìyẹn irin ẹnu dírìlì tó ń lu ihò.

Báwo ló ṣe máa dá tiẹ̀ dúró? Lọ wo ìdí ẹ̀rọ bàbá yẹn, wàá rí púlì méjì tó jọra bí ìbejì, wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí ṣáàfù kan náà. Fọwọ́ yí wọn. Ọ̀kan máa yí òun àti ṣáàfù pọ̀, èkejì á kàn máa yí lásán, ṣáàfù ò ní mira. Ọ̀pá kan tó ní ẹnu bíi fọ́ọ̀kì ló ń ti bẹ́líìtì láti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì. Tó bá ti wà lórí èyí tó ń yí lásán, ẹ̀rọ dúró, tí o bá tì í sórí èyí tó di ṣáàfù mú, ẹ̀rọ gbéra. Fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú púlì yẹn náà wò, wàá rí i pé àárín ẹ̀ ga díẹ̀ ju etí ẹ̀ méjèèjì lọ. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́líìtì pẹlẹbẹ máa ń wá ibi tó ga lórí púlì gùn, torí náà kò ní yọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ já bọ́ bó ti wù kó pẹ́ tó. Ohun kékeré yẹn máa ń wú mi lórí.

Ẹ jẹ́ ká wá sí púlì onípele mẹ́rin yẹn, torí ibẹ̀ lọ́gbọ́n ẹ̀rọ náà wà. Mú okùn tín-ínrín, we é mọ́ bíìtì ínṣì kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tú u kí o wọ̀n ọ́n: ó ju ínṣì mẹ́ta lọ. We é mọ́ èyí tó jẹ́ ìdá mẹ́rin ínṣì: kò tó ínṣì kan. Ó túmọ̀ sí pé bí bíìtì méjèèjì bá yí lẹ́ẹ̀kan, etí èyí tó tóbi ti rìn ìlọ́po mẹ́rin ohun tí kékeré rìn, irin tó ń gé ni etí yẹn sì ń fi ara ha lọ, ìhara yẹn ló ń di ooru. Tí o bá wá yí àwọn méjèèjì ní eré kan náà, ńlá á jóná. Torí náà wọ́n gbé púlì ìsàlẹ̀ àti tòkè kọjú síra wọn ní ìdàkejì, ibi tí tìsàlẹ̀ ti tóbi ni tòkè ti kéré, bẹ́líìtì kan náà ló sì máa bá ipele mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mu. Bí o bá gbé e sórí ńlá ìsàlẹ̀ àti kékeré òkè, eré ni. Bí o bá gbé e sórí kékeré ìsàlẹ̀ àti ńlá òkè, ó ń lọ jẹ́jẹ́, agbára ẹ̀ sì pọ̀.

Bó bá jẹ́ ihò ńlá gan-an, jẹ́jẹ́ yẹn náà ò tíì tó, ìyẹn ni àwọn gíà tí kò ní ìbòrí lẹ́yìn púlì òkè wà fún. Pín-ìn-nì kan wà lára púlì yẹn tó di púlì àti ṣáàfù pọ̀. Yọ pín-ìn-nì náà, púlì á máa yí lọ́tọ̀, á wá jẹ́ pé gíà kékeré ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ló máa yí gíà ńlá tó wà lẹ́yìn, kékeré míì tó wà lórí ṣáàfù ẹ̀yìn yẹn á tún padà wá yí ńlá tó di ṣáàfù mú. Ká sọ pé kékeré kọ̀ọ̀kan ní eyín 20, ńlá kọ̀ọ̀kan ní 60, àkọ́kọ́ á dín eré náà kù sí ìdá kan nínú mẹ́ta, ìkejì á tún dín ìyẹn kù sí ìdá mẹ́ta, ìdá kan nínú mẹ́sàn-án ló kù yẹn. Ka eyín tiẹ̀ kí o ṣe ìṣirò ẹ̀. Ipele mẹ́rin láìsí gíà ẹ̀yìn, mẹ́rin pẹ̀lú ẹ̀, eré mẹ́jọ ni ẹ̀rọ yẹn ní, kò sì sí wáyà kan lára ẹ̀. Ṣùgbọ́n má ṣe ti gíà ẹ̀yìn wọlé nígbà tí pín-ìn-nì yẹn bá ṣì wà nínú ihò ẹ̀ o, ńṣe ni gbogbo ẹ̀ á há pọ̀, bẹ́líìtì á fò kúrò, tàbí kí eyín gíà kán, eyín irin dídà tó bá sì kán ò ṣe é wẹ́ẹ̀dì bọ̀rọ̀.

Láti orí ṣáàfù tó dùbúlẹ̀ yẹn, gíà méjì tí ojú wọn dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ ló ń yí ìyípo náà padà sísàlẹ̀ sí ọ̀pá tó dúró ṣánṣán, ọ̀pá yìí ló di bíìtì mú. Ìbéèrè tí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi máa ń bi mí ni pé báwo ni ọ̀pá náà ṣe ń yí tó sì tún ń sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà tí gíà ò sì bá a lọ sísàlẹ̀. Wo ara ọ̀pá yẹn, wàá rí ọ̀nà tóóró kan tí wọ́n gbẹ́ sí i láti òkè dé apá ìsàlẹ̀, irin kékeré kan tó wà nínú ikùn gíà ló ti ẹsẹ̀ bọ inú ọ̀nà yẹn, torí náà gíà ń fi dandan mú ọ̀pá yí, ọ̀pá sì lómìnira láti yọ̀ lọ sókè sódò. Eyín tó tò lára páìpù tó wọ̀ mọ́ ọ̀pá náà ni ọwọ́ tí o máa ń fà yẹn ń gbá mú, ìyẹn ló ń tẹ̀ ẹ́ bọ inú irin. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ tó pé, wíìlì kékeré kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ní gíà aláràn, èyí tó lọ́ bí eyín bóòtù, tó o bá ti há a mọ́ ọn, ẹ̀rọ á máa fúnra ẹ̀ tẹ bíìtì náà díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ ẹ á sinmi.

Ẹ̀rọ nìyẹn. Àmọ́ ohun tó sọ dírìlì di dírìlì gan-an, bíìtì ni, àlàyé yẹn ló ń dùn mọ́ mi jù. Ẹni tó bá ti rí àwọn tó ń gbẹ́ kànga á mọ̀ pé méjì ni wọ́n, ẹnì kan wà nísàlẹ̀ tó ń gbẹ́, ẹnì kan wà lókè tó ń fa garawa erùpẹ̀ jáde. Bí ẹni òkè bá lọ jẹun tí ò padà dé, ẹni ìsàlẹ̀ á dáwọ́ dúró dandan, torí erùpẹ̀ ti kún ibi tó fẹ́ gbẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni dírìlì fi ní agbẹ́lẹ̀ tí kò ní afàgarawa. Bíìtì ìgbà náà, alágbẹ̀dẹ ló ń rọ ọ́, irin pẹlẹbẹ lásán ni, á fi hámà tẹ́ orí ẹ̀ bíi ṣọ́bìrì, á pọ́n ẹnu ẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Ó ń gé, ṣùgbọ́n èèpo irin tó gé ò ríbi gbà jáde, á wà nínú ihò níbẹ̀, á máa lọ̀ mọ́ ara ẹ̀, o ní láti máa fa bíìtì jáde ní gbogbo ìgbà, ihò tó jìn sì máa ń wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ní 7 oṣù kẹrin 1863 ni wọ́n fún ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Stephen Morse, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ní ìwé àṣẹ lórí bíìtì tó lọ́ mọ́ra bí okùn. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ilé iṣẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kòtò méjì tó lọ́ yí bíìtì ká yẹn ni garawa kànga. Bó ṣe ń gé nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni èèpo ń gun kòtò bọ̀ lókè fúnra ẹ̀. Mú bíìtì kan wá sí ojúmọ́, wo ẹnu ẹ̀ dáadáa: etí méjì tó mú wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n láàárín wọn gangan ìlà kékeré kan wà tó dábùú. Ìlà yẹn ò gé irin rárá, fífún ló ń fún un. Ìdí nìyẹn tí ihò ńlá fi máa ń le láti bẹ̀rẹ̀, tí a fi máa ń kọ́kọ́ lo bíìtì kékeré là á. Tí o bá pọ́n ẹnu ẹ̀ tán, tí ẹ̀rọ sì ń ṣe dáadáa, èèpo méjì ló máa ń jáde pọ̀, ọ̀kan nínú kòtò kọ̀ọ̀kan, tó lọ́ bí irun tí wọ́n di. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan ló ń jáde, etí kan gùn ju èkejì lọ nìyẹn, ihò ẹ á tóbi ju bíìtì lọ, tún un pọ́n.

O ò bi mí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé wàá wá ibi tí wọ́n ti ń fi kọ́kọ́rọ́ dé bíìtì lẹ́nu ẹ̀rọ yẹn, o lè má rí i. Ihò tó tín-ín-rín lọ sókè lo máa rí, bíìtì tí ìdí ẹ̀ náà tín-ín-rín bẹ́ẹ̀ ló ń wọ ibẹ̀, orúkọ Morse yẹn náà ni wọ́n ń pè é títí dòní. Nu méjèèjì mọ́ tónítóní, ti bíìtì sókè pẹ̀lú agbára lẹ́ẹ̀kan, ó ti dì í mú nìyẹn, bó bá ṣe ń tẹ̀ mọ́ irin náà ló ń há sí i. Láti yọ ọ́, ihò gbọọrọ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá, irin pẹlẹbẹ tó rí bí èèkàn lo máa tì bọ ibẹ̀, kó o rọra gbá a, bíìtì á já bọ́, fi pákó sísàlẹ̀ dè é. Erùpẹ̀ díẹ̀ bàyìí tó bá wà nínú ihò yẹn, bíìtì á máa gbọ̀n. Fi aṣọ nù ún, má fi ìka.

Epo ńkọ́? Ihò kéékèèké ló wà lórí gbogbo bẹ́rìn ẹ̀, ìyẹn ibi tí ṣáàfù ti ń yí, wọ́n ti lè di pẹ̀lú ọ̀dà. Fi wáyà là wọ́n, ro ọ́ìlì sí i láràárọ̀. Kí o má sì wọ bùbá tó fẹ̀ lápá tàbí babanríga súnmọ́ gíà tí kò ní ìbòrí, láyé àtijọ́ yẹn bẹ́líìtì àti gíà gba ọwọ́ àti ẹ̀mí àwọn òṣìṣẹ́ gan-an. Ìwọ rọ àwọ̀n irin bò ó, ìwọ ṣáà ni wẹ́dà.

*Bọ̀ọ̀dá, mo ní dírìlì àtijọ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Kubwa, mo so mọ́tò oníná mọ́ ọn tààrà, púlì mọ́tò àti púlì ẹ̀rọ tóbi bákan náà. Ihò kéékèèké ò ní wàhálà, ṣùgbọ́n tí mo bá fi bíìtì ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ínṣì lé irin, ẹnu ẹ̀ á yí sí àwọ̀ búlúù, kò ní gé mọ́. Ṣé bíìtì táa ń rà báyìí ni ò dáa ni? Oníwíńdò, Kubwa, Abuja.*

Bíìtì burúkú wà lọ́jà lóòótọ́, ṣùgbọ́n mọ́tò yín ni mo fura sí. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn máa ń kọ ọ́ sí i pé ìyípo bí 1440 ní ìṣẹ́jú kan. Bíìtì tẹ́ ẹ dárúkọ yẹn, tó bá yí 1440, etí ẹ̀ ń fi ara ha irin ní nǹkan bíi ẹsẹ̀ bàtà 280 ní ìṣẹ́jú kan. Bíìtì ayé Victoria tó jẹ́ irin kábọ̀n lásán ò fẹ́ ju nǹkan bí 30 lọ lórí irin rírọ̀. Bíìtì tòní tó bá jẹ́ ojúlówó fẹ́ bí 80 sí 100. Ó yé yín báyìí.

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ní Kàdúná, mo jó bíìtì ínṣì kan báyìí, mo gbé eré sókè torí mo fẹ́ tètè ṣetán. Ọ̀gá mi ò jágbe. Wọ́n ní kí n mú fáìlì wá. Wọ́n ní kí n fi ha ẹnu bíìtì tuntun kan, fáìlì yọ̀ lójú ẹ̀ bíi pé mo ń fi ha gíláàsì. Wọ́n ní kí n fi ha èyí tí mo jó, fáìlì jẹ ẹ́, eruku irin já bọ́ sí mi lórí bàtà. Ó ti rọ̀, ooru ti gba líle tí alágbẹ̀dẹ fi iná àti omi fún un. Wọ́n ní kí n lọ pọ́n ọn títí àwọ̀ búlúù yẹn á fi tán pátápátá, odindi ọ̀sán ni mo fi pọ́n ọn.

Ìdí táwọn ará ìgbà náà fi gbé gíà ẹ̀yìn àti púlì onípele sára ẹ̀rọ wọn nìyẹn, bíìtì wọn ò fara da ooru. Robert Mushet ní Ìlú Ọba po tungsten, ìyẹn oríṣi mẹ́táàlì kan, mọ́ irin ní 1868, ó dáa díẹ̀ sí i, lẹ́yìn náà ni Frederick Taylor àti Maunsel White ní Amẹ́ríkà rí bí wọ́n ṣe ń sun irú irin bẹ́ẹ̀ ní iná tó gbóná jù, wọ́n gbé e hàn ní ìpàtẹ Paris ní 1900, irin náà ń pọ́n bí iná síbẹ̀ ó ń gé. Orí ìyẹn ni bíìtì tòní dúró sí. Síbẹ̀ 280 pọ̀ jù fún un. Ẹ fi púlì kékeré sí mọ́tò, kí ẹ fi ṣáàfù kan sáàárín pẹ̀lú púlì ńlá, kí ìyípo bíìtì yẹn wá sílẹ̀ sí bíi 400, tó bá jẹ́ bíìtì àtijọ́ ẹ jẹ́ kó wá sí 150. Kí ẹ máa ro epo sí ojú ibi tó ń gé. Ẹ sì dá àwọn gíà ẹ̀yìn yẹn padà tẹ́ ẹ bá ti yọ wọ́n sọ nù sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ló máa ń yọ ọ́.

*Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló kọ́kọ́ fi iná mànàmáná yí dírìlì? Akẹ́kọ̀ọ́, Minna.*

Arthur James Arnot àti William Blanch Brain ni, ní Melbourne ní Australia, 1889 ni wọ́n gba ìwé àṣẹ ẹ̀. Kì í ṣe èyí tí èèyàn lè gbé lọ́wọ́ o, ẹ̀rọ ńlá ni, òkúta àti èédú ni wọ́n ní lọ́kàn. Èyí tó ṣe é gbé lọ́wọ́, Wilhelm Fein ní Stuttgart ní Jámánì ló ṣe é ní 1895. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ti wá ní mọ́tò tiẹ̀ ni ṣáàfù abẹ́ òrùlé ti bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò nílé iṣẹ́.

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi dá sí i. Níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní apá Mpape níbí ni bàbá àwọn ọmọ mi ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń di dírìlì afẹ́fẹ́ mú láti lu òkúta kí wọ́n tó fi ẹ̀tù sí i. Ó máa ń wálé pẹ̀lú eruku funfun bíi láfún láti orí dé ẹsẹ̀, ó ti ń wúkọ́ láti oṣù mélòó kan. Ó ní ẹ̀rọ náà ò lè ṣe kó má rú eruku. Ṣé lóòótọ́ ni kò sí irú èyí tí kì í rú eruku? Ìyá Ìbejì, Abuja.*

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú. Rárá, kì í ṣe òótọ́, ó sì ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti mọ ohun tí wọ́n lè ṣe sí eruku yẹn.

Òkúta ò ṣe é gé bí irin, fífọ́ ni wọ́n ń fọ́ ọ. Kí ẹ̀rọ tó dé, ẹnì kan á di ọ̀pá irin mú, ẹnì kejì á máa fi hámà gbá a, lẹ́yìn gbígbá kọ̀ọ̀kan ẹni tó dì í mú á yí i díẹ̀ kí ihò lè rí roboto. Ẹ̀rọ inú ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ṣe nǹkan kan náà gẹ́lẹ́, ó ń gbá, ó ń yí i díẹ̀, ó tún ń gbá. Ibi tó ti kọ́kọ́ gbayì ni abẹ́ òkè Fréjus láàárín Ítálì àti Faransé, níbi tí wọ́n ti ń lu ọ̀nà ojú irin tó gùn ju kìlómítà 12 lọ. Ọdún 1857 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́, ní 1861 ni ẹ̀rọ ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Germain Sommeiller wọlé. Ó mọ̀ pé tí òun bá gbé ẹ́ńjìnnì ooru wọ inú ihò yẹn, èéfín á pa gbogbo wọn, ló bá fi agbára omi odò tó wà níta fún afẹ́fẹ́ pọ̀, ó gba páìpù gbé e wọlé, afẹ́fẹ́ yẹn ló ń gbá òkúta, òun náà ló sì ń fún àwọn òṣìṣẹ́ ní èémí. Àárín oṣù kẹsàn-án 1871 ni wọ́n ṣí i, Sommeiller ti kú ní oṣù keje, kò rí i. Afẹ́fẹ́ tó ń bẹ nínú rọ́bà tó so mọ́ dírìlì bàbá ìbejì yẹn, ọmọ ìyá ti Sommeiller ni.

Eruku wá ńkọ́. Lókè mo sọ̀rọ̀ garawa kànga, òkúta náà ní wàhálà kan náà, ohun tó bá fọ́ gbọ́dọ̀ jáde kúrò nínú ihò. John George Leyner ní Denver ní Amẹ́ríkà ṣe ẹ̀rọ kan ní 1897 tí ọ̀pá irin ẹ̀ ní ihò láàárín látòkè délẹ̀, ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú ihò yẹn lọ sí ẹnu bíìtì, afẹ́fẹ́ á ti eruku jáde. Iṣẹ́ ń yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ojú àwọn tó dì í mú ni eruku náà ń jáde sí, eruku òkúta tó kúnná bẹ́ẹ̀ ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, kò sì ní jáde níbẹ̀, ńṣe ló ń sọ ẹran ibẹ̀ di gíràn-án. Àwọn awakùsà ní Amẹ́ríkà pe irú dírìlì bẹ́ẹ̀ ní asọnidopó. Leyner tún un ṣe, ó gbé omi gba inú ọ̀pá náà dípò afẹ́fẹ́ nìkan. Ohun tó ń jáde di ẹrọ̀fọ̀. Ẹrọ̀fọ̀ ò fò.

Omi yẹn ni kí bàbá ìbejì béèrè fún níbi iṣẹ́. Ẹ̀rọ wà tó ní ojú ibi tí wọ́n ń so rọ́bà omi mọ́, ó sì wà tó ní ẹnu tó ń fa eruku sínú àpò. Tí ẹ̀rọ tiwọn ò bá ní méjèèjì, kí wọ́n tiẹ̀ máa da omi sí ẹnu ihò náà léraléra, kí òun sì dúró sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ bọ̀, kó má dúró sí ibi tó ń fẹ́ lọ. Áńkáṣíìfù tí wọ́n ń so mọ́ imú ò lè dá eruku yẹn dúró, èyí tó ń pani gan-an ojú ò rí i. Inú òkúta àyíká Abuja yìí ni ohun tó ń ṣe irú ìpalára yìí pọ̀ sí, èyí tó ń dán bíi gíláàsì tí oòrùn bá kàn án.

Kí bàbá ìbejì lọ sí ọsibítù ní ọ̀sẹ̀ yìí, Ìyá Ìbejì, kí wọ́n sì fẹnu ara wọn sọ fún dókítà pé òkúta làwọn ń lu, torí tí wọn ò bá sọ ọ́, wọ́n lè kàn fún wọn ní oògùn ikọ́ lásán. Kí wọ́n ní kí wọ́n ya àwòrán àyà. Ohun tó bá ti bàjẹ́ nínú ẹ̀dọ̀fóró ò ṣe é tún ṣe, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá tètè kúrò nínú eruku, wọ́n lè gba èyí tó kù là. Aṣọ iṣẹ́ yẹn, ẹ má gbọ̀n ọ́n nù nínú ilé níbi tí àwọn ìbejì wà, kí wọ́n bọ́ ọ síta, kí ẹ rẹ ẹ́ sínú omi kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Ẹ fi ìdáhùn yìí hàn wọ́n, kí ẹ sì kọ̀wé sí mi padà láti jẹ́ kí n mọ ohun tí dókítà sọ.